Bọ́tìnì Idẹ Inú Sàréè Alààyè

Ìgbà mẹ́ta ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi ti dúró nídìí sàréè ara wọn. Nígbà àkọ́kọ́, bàtà ṣójà ló wà lẹ́sẹ̀ wọn. Nígbà kejì, ìyá wọn ló kú, àwọn ará ilé ò sì jẹ́ kí wọ́n wọlé. Nígbà kẹta, ọ̀pá ni wọ́n fi ń tilẹ̀, èmi ni mo di apá wọn kejì mú, a sì jọ ń wo bàbá mi bí wọ́n ṣe gbé ọkọ́ tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í hú sàréè náà.

Àgbẹ̀ ni ẹ̀gbọ́n bàbá mi, ọmọ àgbẹ̀, láti abúlé Ṣábẹ̀ kan ní ìsàlẹ̀ Parakou, níbi tí iṣu làbókò ti ń ta ju ti ibòmíràn lọ. Kí ìlú wa tó gba òmìnira ni àwọn Faransé kó wọn lọ sí ogun Àlgéríà. Nísinsìnyí, wọ́n ti súnmọ́ ẹni àádọ́rùn-ún ọdún. Ní Ladjifarani tí wọ́n ń gbé, ní Parakou, Bàbá Ṣójà ni tọmọdé tàgbà ń pè wọ́n. Ní abúlé tiwa, àkúdàáyà ni wọ́n ń pè wọ́n. Ọdún tó kọjá, nínú ẹ̀ẹ̀rùn, ni a hú sàréè náà.

Ó yẹ kí n sọ bí alààyè ṣe ń ní sàréè. Ní abúlé wa, ẹni tó bá ń lọ sí ọ̀nà jíjìn tí a ò mọ̀ bóyá yóò padà, yóò gé irun orí rẹ̀ díẹ̀ àti èékánná ọwọ́ rẹ̀, yóò dì wọ́n sínú aṣọ funfun, yóò sì fi lé ọwọ́ ọmọ ìyá rẹ̀ tó tẹ̀lé e. Bí ikú bá pa á sí ìdálẹ̀, irun àti èékánná yẹn la óò sin sí ẹnu ọ̀nà bàbá rẹ̀, kí ẹ̀mí rẹ̀ lè rí ilé wá. Ẹni tó sin ín nìkan ló lè hú u. Ẹlòmíràn ò gbọdọ̀ fi ọkọ́ kan ibẹ̀.

Bàbá mi ló tẹ̀lé Bàbá Ṣójà. Ọwọ́ bàbá mi ni ìdì náà wà.

Mo dàgbà bá sàréè yẹn lábẹ́ igi máńgò níwájú ilé wa. Òkìtì amọ̀ kékeré ni, wọ́n fi ọwọ́ rẹ́ ẹ dán. A máa ń sá ẹ̀gúsí lé e lórí. Bí iṣu tuntun bá jáde, bàbá mi á gé èyí tó kọ́kọ́ jinná, wọ́n á gbé e síbẹ̀, wọ́n á ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jẹun." Wọn kì í pẹ́ níbẹ̀. Bí wọ́n bá ti sọ ọ́ tán, wọ́n á yára kúrò. Mo rò nígbà náà pé ìbànújẹ́ ló ń lé wọn.

Ó ti lé lọ́dún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún tí mo kọ́kọ́ rí Bàbá Ṣójà. Rédíò kan ní Parakou ni mo ti ń ṣiṣẹ́, wọ́n sì rán mi lọ gba ohùn àwọn ológun àtijọ́ níbi ayẹyẹ kan. Àwọn arúgbó mẹ́rin ló jókòó lábẹ́ àtíbàbà, àmì ẹ̀yẹ láyà wọn. Mo gbé ẹ̀rọ mi sún mọ́ ẹni àkọ́kọ́, mo ní, "Ẹ kú ìkàlẹ̀, Bàbá. Níbo lẹ ti jagun?"

Wọ́n ní, "Kọ́kọ́ sọ ibi tí ìwọ ti wá. Ẹnu rẹ ń rùn làbókò."

Àwọn yòókù rẹ́rìn-ín. Mo sọ orúkọ abúlé wa. Ẹ̀rín kúrò lójú wọn.

"Agbo ilé wo?"

"Èyí tó ní igi máńgò níwájú, Bàbá. Tí sàréè ṣójà wà lábẹ́ rẹ̀."

"Ta ló wà nínú sàréè náà?"

"Ẹ̀gbọ́n bàbá mi ni. Ogun ló pa wọ́n."

Wọ́n wò mí títí. Wọ́n wá na ọwọ́ ọ̀tún wọn sí mi. "Fọwọ́ kàn án," ni wọ́n wí. "Ṣé ó tutù?"

Lọ́jọ́ kejì, sẹ́mìjan gbé mi lórí alùpùpù rẹ̀ lọ sí Ladjifarani. Yàrá kan àti gbàgede ni wọ́n ní. Ọmọbìnrin wọn kan ṣoṣo ń fọ aṣọ nítòsí kànga. Mo tan ẹ̀rọ, mo sì jẹ́ kí wọ́n sọ̀rọ̀. Ohùn náà ṣì wà lọ́wọ́ mi. Bí wọ́n ṣe sọ ọ́ nìyí:

"Ogun kọ́? Òtútù ni mo rántí. Òkè ni gbogbo ibẹ̀, òkúta ni gbogbo òkè. Mo máa ń wo ilẹ̀ yẹn, mo máa ń sọ pé, kí ni àwọn wọ̀nyí ń gbìn sí? Kí n tó lọ, mo ti ṣán oko kan lẹ́yìn odò wa, èmi nìkan, igbó tí ẹnikẹ́ni ò fọwọ́ kàn rí. Mo ti kọ ebè sí i. Oko yẹn ni mo ń rò lórí òkè. Mo kọ ìwé kan ṣoṣo sílé. Èmi ò mọ̀wé. Ọmọ Bàrìbá kan tí a jọ ń sùn nínú àgọ́ ló bá mi kọ ọ́. Mo ní kó kọ ọ́ pé mo wà láàyè, mò ń bọ̀, ẹ má jẹ́ kí igbó bo oko mi. Mo já bọ́tìnì kan lára ẹ̀wù mi, bọ́tìnì idẹ tó ní àwòrán ìdákọ̀ró lójú, mo fi sínú ìwé náà kí ìyá mi lè rí nǹkan dì mú.

"Nígbà tí mo padà dé, ọkọ̀ ojú irin já mi sílẹ̀, mo fẹsẹ̀ rìn ìyókù. Obìnrin kan tó ń kó èlùbọ́ nílẹ̀ rí mi, ó ju igbá nù, ó sá. Mo rò pé ayọ̀ ló gbé e, pé ó lọ sọ fún wọn nílé. Mo dé abẹ́ máńgò, mo rí òkìtì amọ̀ tuntun. Mo ní, 'Ta ló kú?' Àbúrò mi dúró lẹ́nu ọ̀nà, ọmọ tí mo pọ̀n rí. Ó wò mí lójú, kò sá. Àwọn yòókù ń sá, òun ò sá. Ó yíjú sí wọn, ó ní, 'Ẹ má dá a lóhùn o. Ẹni tó bá dá àkúdàáyà lóhùn, yóò bá a lọ.' Mo pe ìyá mi. Mo ń gbọ́ ẹkún rẹ̀ nínú yàrá. Kò dá mi lóhùn. Títí tó fi kú, kò dá mi lóhùn."

Wọ́n mu omi. Wọ́n ní, "Ẹ̀rù ba àwọn yẹn, mi ò bá wọn jà. Ti àbúrò mi ni mi ò mọ̀. Ohun kan ni mo fẹ́ kí o bá mi bèèrè: ṣé ìwé mi dé kó tó sin mí, àbí kò dé? Bí kò bá dé, mo ti dárí jì í."

Láti ìgbà náà ni wọ́n ti wà ní Parakou. Nítòsí Zongo, níbi tí àwọn ọkọ̀ ńlá ti ń gbẹ́rù, ni wọ́n ti ń di iṣu sínú ọkọ̀ fún ọ̀pọ̀ ọdún. Wọ́n ní nígbà mìíràn, bí àpò kan bá tú, wọ́n á mọ iṣu oko tiwọn. "Ilẹ̀ ibẹ̀ pọ́n, ó máa ń lẹ̀ mọ́ èèpo. Mo máa ń gbá a nù kí n tó gbé e lé orí. Iṣu mi ni mò ń bá ẹlòmíràn rù."

Ọmọbìnrin wọn, tó ti parí aṣọ fífọ̀, dá sí i láti gbàgede. Ó ní àwọn ará abúlé wa tó ń wá ná ọjà ní Parakou mọ òun, pé bí òun bá dúná dúrà jù, wọ́n á ní, "Ẹ fi sílẹ̀ fún un, ọmọ àkúdàáyà ò ní ilẹ̀." Ó rẹ́rìn-ín nígbà tó ń sọ ọ́. Bàbá rẹ̀ ò rẹ́rìn-ín.

Mo lọ sí abúlé lọ́sẹ̀ yẹn. Bàbá mi ń pọ́n àdá lẹ́yìn ilé. Mo sọ ẹni tí mo rí. Wọn ò dá iṣẹ́ dúró.

"Òkú pọ̀ ní Parakou," ni wọ́n wí. "Ìlú ọjà ni."

"Bàbá, mo fọwọ́ kàn wọ́n. Wọ́n ní àwọn kọ ìwé ránṣẹ́ láti ogun."

"Ìwé wo? Ta ló kà á? Kò sí ìwé kankan tó dé ilé yìí. Ọdún méjì la fi retí, a ò gbọ́ nǹkan kan, mo ṣe ohun tí ọmọ ìyá ń ṣe." Wọ́n wá gbé àdá náà sókè, wọ́n fi àtàǹpàkò wo ẹnu rẹ̀. "Ṣé o fẹ́ gbé mi sórí rédíò ni?"

Mo ní rárá. Mo sì pa ọ̀rọ̀ náà mọ́. Èmi tí mo ń gbé ohùn àwọn èèyàn tí mi ò mọ̀ rí sáfẹ́fẹ́ lójoojúmọ́, mo fi ohùn ẹ̀gbọ́n bàbá mi sínú dúrọ́ọ̀. Mo mú èsì bàbá mi padà fún wọn, pé ìwé ò dé. Wọ́n mi orí. Wọ́n bi mí pé, "Ìgbà wo ni ohùn mi á jáde?" Mo ní, "Láìpẹ́, Bàbá." Ní gbogbo ìgbà tí mo bá yà kí wọn láti ọdún náà wá, wọ́n máa ń bi mí, mo sì máa ń dá wọn lóhùn bẹ́ẹ̀. Nígbà tó yá, wọn ò bèèrè mọ́. Wọ́n kàn ń fún mi ní omi.

Lọ́dún tó kọjá ni ọ̀rọ̀ ilẹ̀ dé. Àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ méèrì, olórí ìjọba ìbílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ sí í lọ láti abúlé dé abúlé, wọ́n ń fi ẹ̀rọ wọn oko, wọ́n ń kọ orúkọ ẹni tó ni ín sínú ìwé, kí ìjà ilẹ̀ lè dín kù. Oko tó bá ti wọ ìwé, ó di ti ẹni tí wọ́n kọ. Bàbá mi ní kí wọ́n kọ oko ẹ̀yìn odò sí orúkọ àwọn nìkan. Àbúrò wọn obìnrin, ìyá àgbàlagbà kan tó ń gbé lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ló pè mí lórí fóònù.

"Ṣé Ṣójà yẹn ṣì wà láàyè?"

"Wọ́n wà, Ìyá."

"Gbé e wá. Kó tó pẹ́ jù. Mo ní ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ sọ, mi ò sì fẹ́ sọ ọ́ lẹ́yìn rẹ̀."

Bàbá Ṣójà ò kọ́kọ́ fẹ́ lọ. Wọ́n ní kí ni àwọn fẹ́ fi oko ṣe báyìí? Ọmọ wọn kàn ń ká aṣọ. Wọ́n wò ó. Wọ́n ní kí n bá àwọn wá mọ́tò.

Òwúrọ̀ ni a débẹ̀. Ìgbìmọ̀ ilẹ̀ abúlé ti jókòó lábẹ́ máńgò. Òṣìṣẹ́ méèrì, ọ̀dọ́bìnrin kan tó gbé pátákó ìkọ̀wé lé itan, jókòó láàárín wọn. Bí Bàbá Ṣójà ṣe sọ̀ kalẹ̀, àwọn obìnrin kan wọlé, wọ́n ti ilẹ̀kùn. Ọkùnrin kan láti ẹ̀yìn kígbe, "Ẹ wo bàtà rẹ̀ bóyá ó kan ilẹ̀!"

Bàbá Ṣójà ní, "Sún mọ́ ibí, kí n fi bàtà náà tì ọ́ nídìí. Wàá mọ̀ bóyá ó kan nǹkan."

Àwọn ọ̀dọ́ bú sẹ́rìn-ín. Bàbá mi ò rẹ́rìn-ín. Wọ́n kọjú sí òṣìṣẹ́ náà.

"Ọmọ mi, orúkọ alààyè lẹ ń kọ, àbí ti òkú?"

"Ti alààyè, Bàbá."

"Ẹ̀gbọ́n mi ló ṣán oko yẹn, mi ò jiyàn. Ẹ̀gbọ́n mi ti kú. Sàréè rẹ̀ ni ẹsẹ̀ yín fẹ́rẹ̀ẹ́ tẹ̀ yẹn."

Òṣìṣẹ́ náà fa ẹsẹ̀ rẹ̀ sẹ́yìn. Ó wo Bàbá Ṣójà, ó wo òkìtì náà, ó wo alága ìgbìmọ̀. Alága sọ pé ní ilé iṣẹ́ ìjọba, ìwé ìdánimọ̀ ló ń sọ ẹni tó wà láàyè. Ní abúlé, sàréè ló ń sọ ọ́, ìgbìmọ̀ ò sì lè fọwọ́ sí orúkọ ẹni tí a ti sin.

Nígbà náà ni àbúrò wọn obìnrin sọ̀rọ̀ láti orí àpótí tó jókòó lé. "Ìwé dé."

Gbogbo wa yíjú sí i.

"Ìwé dé kó tó sin ín. Ìyá wa wà lódò. Èmi àti ìwọ la wà nílé. Bí o ṣe ya ìwé náà, nǹkan kan já bọ́ nínú rẹ̀, ó ń dán. Mo mú un, mo fi ń ṣeré. O gbà á lọ́wọ́ mi, o gbá mi létí."

Bàbá mi ní, "Ọmọ ọdún mélòó ni ọ́ nígbà náà? Ọmọ tó ń tọ̀ sórí ẹní!"

"Mo ń tọ̀ sórí ẹní lóòótọ́. Ojú mi ń ríran."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ láti ìgbà yẹn?"

"Nítorí pé ilé rẹ ni mo ti ń jẹun," ló dáhùn.

 Bàbá Ṣójà wá fi orí ọ̀pá wọn kan òkìtì náà. "Ẹ jẹ́ kó hú u. Ohun tó bá sin, á wà níbẹ̀."

Mo rò pé bàbá mi á kọ̀. Wọn ò kọ̀. Wọ́n ní kí wọ́n gbé ọkọ́ wá, wọ́n bọ́ ẹ̀wù, wọ́n ní, "Irun rẹ̀ lẹ óò rí. Ẹ ò ní rí nǹkan mìíràn." Ó dá wọn lójú. Ó pẹ́ kí n tó mọ ohun tó fi wọ́n lọ́kàn balẹ̀. Àgbẹ̀ ni bàbá mi. Láti kékeré ni wọ́n ti ń rí i pé ọkọ́ tí a bá gbàgbé sínú ilẹ̀, bí òjò díẹ̀ bá ti rọ̀ sí i, ìpẹtà á jẹ ẹ́ títí kò fi ní ku nǹkan kan. Irin tí wọ́n mọ̀ nìyẹn. Idẹ kò sí nínú irin tí wọ́n fi ń roko.

Wọ́n lé lẹ́ni ọgọ́rin ọdún, kò sì sẹ́ni tó lè bá wọn fọwọ́ kan ọkọ́ náà. Wọ́n gbẹ́ díẹ̀, wọ́n sinmi díẹ̀. Sàréè náà ò jìn. Ìkòkò kékeré kan yọ, ọmọrí rẹ̀ ti sán. Wọ́n gbé e jáde, wọ́n sì dà á sórí ẹní níwájú gbogbo èèyàn. Erùpẹ̀ ni. Aṣọ ti di erùpẹ̀, irun ti di erùpẹ̀. Nǹkan róbótó kan yí jáde, ó ti di àwọ̀ ewé. Òṣìṣẹ́ méèrì ló mú un. Ó fi etí aṣọ rẹ̀ nù ún. Ìdákọ̀ró ló wà lójú rẹ̀.

"Òun nìyí," ni àbúrò wọn wí.

Bàbá mi jókòó sílẹ̀ lórí erùpẹ̀ tí wọ́n hú. Fún ìgbà àkọ́kọ́, wọ́n wo ojú ẹ̀gbọ́n wọn.

"Mo gbé ìwé náà lọ bá tíṣà ìlú kejì, ó kà á fún mi. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Mo sun ìwé náà lójú ọ̀nà. Bọ́tìnì ò jóná. Mo gbé e wálé, mi ò lè gbé e pa mọ́, ó ń wò mí níbikíbi tí mo bá fi í sí. Iná ò jẹ ẹ́, mo ní ilẹ̀ á jẹ ẹ́." Wọ́n nu òógùn ojú. "Iṣu oko yẹn tóbi lọ́dún náà. Èmi ni mo ro ó. Mo rò pé bí ẹ bá dé, màá tún padà di ẹni tó ń gbé apẹ̀rẹ̀ tẹ̀lé yín."

Bàbá Ṣójà ní, "Ó dé, àbí?"

"Ó dé, Ẹ̀gbọ́n."

Láti kékeré ni mo ti ń gbọ́ tí bàbá mi ń fi orúkọ yẹn pe òkìtì amọ̀. Mi ò gbọ́ ọ rí kí wọ́n fi pe èèyàn.

Bàbá Ṣójà ò bú wọn. Wọn ò sì sọ pé àwọn dárí jì wọ́n. Wọ́n na ọwọ́ sí òṣìṣẹ́ náà, wọ́n gba bọ́tìnì, wọ́n yí i lójú yí i lẹ́yìn, wọ́n wá gbé e lé àbúrò wọn obìnrin lọ́wọ́. "Gba ohun ìṣeré rẹ," ni wọ́n wí. Wọ́n ní kí n mú àwọn lọ wo oko.

Kò jìnnà, ṣùgbọ́n ó pẹ́ kí a tó dé. Ebè tuntun ni gbogbo ibẹ̀. Wọ́n dúró létí rẹ̀, wọn ò wọ inú rẹ̀. Wọ́n ní, "Igbó ò bò ó. Ó ṣe ohun tí mo kọ sínú ìwé." Nígbà tí a padà sínú mọ́tò, wọ́n bi mí lẹ́ẹ̀kan sí i, lẹ́yìn ọdún púpọ̀, ìgbà wo ni ohùn àwọn á jáde.  Mo gbé ohùn náà sáfẹ́fẹ́ lọ́sẹ̀ tó tẹ̀lé e, látòkè délẹ̀, ti bàbá mi tí mo gbà lábẹ́ máńgò náà sì wà níbẹ̀. Bàbá mi ò tíì gbé fóònù mi títí di òní.

Ní ti ilẹ̀ náà, mo lọ bá òṣìṣẹ́ yẹn ní ọ́fíìsì rẹ̀ kí n lè gbọ́ ọ láti ẹnu rẹ̀. Ó ní ìgbìmọ̀ abúlé ti gbà pé sàréè tí ó ṣófo kì í ṣe ẹ̀rí ikú, wọ́n sì ti kọ orúkọ Bàbá Ṣójà sí oko ẹ̀yìn odò. Àmọ́ ìyẹn nìkan ò tó. Wọn óò lẹ orúkọ náà mọ́ ara ògiri ilé iṣẹ́ ìjọba àdúgbò kí gbogbo èèyàn lè rí i; ẹnikẹ́ni nínú ìdílé ló lè wá takò ó kí àkókò tó pé, bàbá mi náà lè wá. Bí kò bá sí ẹni tó takò ó, méèrì yóò fọwọ́ sí i, Bàbá Ṣójà yóò sì wá fi ọwọ́ ara wọn gba ìwé náà, nítorí wọn kì í fi rán ọmọ. Mo bi í léèrè bí ikú bá dé kí méèrì tó fọwọ́ sí i ńkọ́. Ó ní ìwé náà yóò padà sọ́wọ́ ìgbìmọ̀ abúlé, wọn óò sì bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀.